Sáà Kan Péré Ni Wọ́n Fún Mayora

Orúkọ Leonila Sarmago ni Fádà pè ṣìkẹta nínú àwọn aláìsàn tí ìjọ fẹ́ gbàdúrà fún ní Sọ́ńdè yẹn, bẹ́ẹ̀ ara Leonila le koko. Aago márùn-ún ló jí, ó jẹ ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ láàárín ti bàbá kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ àti ti obìnrin kan tí jẹjẹrẹ ń bá fà á, ó kọ́kọ́ rò pé Leonila mìíràn ni. Àmọ́ Leonila Sarmago kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ìlú Santa Brigida, òun náà sì ni olórí ìlú.

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó jókòó tì í. Evaristo ti dijú pinpin, ètè rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó ń gbàdúrà tọkàntọkàn.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó bi í léèrè.

"Ta ló ní kí wọ́n ka orúkọ mi?"

"Èmi ni, Inday." Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ra wọn. "Àdúrà ha pọ̀ jù fún ẹnì kan rí?"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí."

"Ohun tí gbogbo ẹni tí àyà ń dùn máa ń sọ nìyẹn." Ó ṣí agboòrùn, ó nà án sí i lórí, òun fúnra rẹ̀ wà nínú oòrùn. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹja lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ń wò ó, wọ́n ń mi orí. Ọ̀kan nínú wọn di ọwọ́ Leonila mú.

"Mayora, ẹ rọra o. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yẹn sinmi díẹ̀. Ẹ̀mí ò ní ààrọ̀."

"Ta ló sọ fún yín pé ara mi ò yá?"

"Àfi ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò tíì gbọ́, Mayora," obìnrin náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Leonila bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú rẹ̀.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ bí obìnrin yìí ṣe dé orí àga. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Evaristo fi ṣe olórí ìlú náà, sáà mẹ́ta, ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Òfin orílẹ̀-èdè wọn ò sì gbojú fo ìyẹn: ẹni tó bá ti ṣe sáà mẹ́ta tẹ̀ léra wọn gbọ́dọ̀ kúrò, kó lọ fi sáà kan sinmi, lẹ́yìn náà kó padà wá tó bá wù ú. Ẹni tó kọ òfin yẹn ní ìfẹ́ ìlú lọ́kàn, mi ò bá a jà. Ohun tó gbàgbé láti kọ ni pé ìyàwó olórí ìlú ò gbọ́dọ̀ jókòó dè é. Nítorí náà, káàkiri gbogbo erékùṣù wọn, ọkọ á ṣe mẹ́ta, ìyàwó á ṣe ẹyọ kan, ọkọ á tún dé, bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀ tó ní kí ará ẹ̀gbẹ́ òun bá òun mú ìjókòó. Ojú ò sì ti ẹnikẹ́ni.

"Sáà kan péré, Inday," ni Evaristo sọ fún un nígbà náà. "Ìwọ ṣáà ti máa fọwọ́ síwèé. Èmi á máa sọ èyí tó o máa fọwọ́ sí."

Orúkọ rẹ̀ pàápàá ò yí padà. Mayora ni wọ́n máa ń pe ìyàwó olórí ìlú lọ́hùn-ún, Mayora náà ni wọ́n sì ń pe obìnrin tó bá jẹ olórí ìlú fúnra rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ò sì yéé jẹ́ Mayor. Tí tẹlifóònù bá dún ní ilé ìjọba ìlú tí wọ́n bá ní Mayor ń pè, gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó wà lórí àga ni wọ́n ń wí.

Oṣù kejì tó dé orí àga ni Leonila ṣàkíyèsí pé tí òun bá fọwọ́ sí ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní kí òun fọwọ́ sí, iṣẹ́ náà á kàn di ṣíṣe ni. Ohun tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ni omi Kalubihan. Orí òkè náà ni wọ́n bí i sí. Títí di ọdún yẹn, gálọ́ọ̀nù làwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń ru omi gun òkè; èjìká ọ̀tún ìyá Leonila lọ sílẹ̀ ju ti òsì lọ títí wọ́n fi sin ín. Kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni páìpù tí wọ́n nílò. Nígbà tí ọdún kẹta fi ń lọ sópin, wọ́n ti ri mọ́kànlá mọ́lẹ̀, mẹ́rin tó kù wà létí ọ̀nà, aláwọ̀ búlúù, àwọn ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

"Mélòó ni ìbò Kalubihan?" Evaristo bi í lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun. "Igba ó lé mẹ́rìnlá. Tí mo bá padà dé, màá kó páìpù yẹn lọ síbi tí èèyàn wà."

Bí Leonila ṣe pinnu pé òun ò ní dìde nìyẹn.

Oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń gba fọ́ọ̀mù ìdíje. Ìdílé Sarmago kì í gba tiwọn bí mẹ̀kúnnù. Ọjọ́ tó kẹ́yìn gan-an ni wọ́n máa ń dúró dè, aago mẹ́ta ọ̀sán, wákàtí tí Evaristo gbà pé orí òun wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn Máàsì àti ìwọ́de ọgọ́rin mọ́tò pẹ̀lú fèrè. Leonila mọ àṣà ọkọ rẹ̀ bí ẹni mọ ìrìn rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí Evaristo ṣì ń to mọ́tò, Leonila wọ sálúbàtà, ó rìn kọjá pápá ìlú lọ sí ọ́fíìsì ètò ìdìbò. Ẹni tó bá wà lórí àga ni alága ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ní ìlú náà, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló sì lè fa olùdíje kalẹ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa ara rẹ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí ọgọ́rin mọ́tò fi dé, ọmọ ẹgbẹ́ náà mìíràn ò lè gba fọ́ọ̀mù mọ́. Fèrè dákẹ́. Gbogbo èèyàn ń retí kí Evaristo ya wèrè, nítorí àyè ṣì wà fún un láti dá dúró láìní ẹgbẹ́, kó sì bá ìyàwó rẹ̀ fà á. Lọ́yà Bascon, agbẹjọ́rò rẹ̀, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ọ̀rọ̀ sí i létí fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mu sìgá kan tán. Ojú Evaristo bẹ̀rẹ̀ sí í tú díẹ̀díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá gbá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó nà án sókè níwájú àwọn tó ń ya fọ́tò.

"Ẹni tó bá dìbò fún ìyàwó mi," ló wí, "èmi ló dìbò fún."

Ìlú pàtẹ́wọ́. Leonila sunkún ayọ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ó ní ọkọ tòótọ́ lòun fẹ́, àwọn èèyàn ló ń bà á jẹ́ lẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà ni Evaristo ti di oyin. Kò jágbe mọ́ ọn mọ́. Ó ń bá a gbé báàgì. Lóṣù Kejì ó pe dókítà kan wá sílé láti wá gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù. Dókítà ní kò sí nǹkan kan, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ò pé tí gbogbo ọjà fi ń sọ̀rọ̀ nípa àyà Mayora. Lẹ́yìn náà ni pósítà tuntun dé. Nínú ti tẹ́lẹ̀, fọ́tò Leonila ló gba ibi tó pọ̀ jù. Nínú tuntun yìí, kò sí fọ́tò, kò sí Leonila. SARMAGO nìkan ló wà níbẹ̀, lẹ́tà yẹ́lò gàdàgbà láti etí kan dé ìkejì. Ó bi ọkọ rẹ̀.

"Ó dín ìnáwó kù," ni Evaristo dáhùn. "Ta ni ò mọ ojú ẹ?"

Ìdìbò ku ọjọ́ mẹ́rin. Tọ́sìdé tó tẹ̀ lé Sọ́ńdè àdúrà yẹn ni, ọjọ́ tí Leonila máa ń jókòó sábẹ́ igi ńlá iwájú ilé ìjọba láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn ará ìlú. Fidela, tí wọ́n ń pè ní Manang nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, wà lórí ìlà. Obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún ni, ọ́fíìsì Lọ́yà Bascon ló ti ń tẹ ìwé tó sì ń lu òǹtẹ̀ láti ọdún méjìlélógún. Kíndìnrín ọkọ rẹ̀ ti bà jẹ́, wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, oṣooṣù ni Leonila sì ń fọwọ́ sí lẹ́tà tí ilé ìwòsàn máa ń béèrè kí wọ́n tó gbà á wọlé. Fidela tẹ́ lẹ́tà náà síwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń fi ìka hàn án níbi tó máa fọwọ́ sí.

"Mayora, ẹ má gbójú sókè. Ẹ máa kọ̀wé yín lọ."

"Kí ló dé, Manang?"

"Fọ́ọ̀mù ìdíje kan wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá mi. Orúkọ Mayor ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò wọn. Wọ́n ti tẹ̀ka. Èmi ni mo lu òǹtẹ̀ sí i."

Leonila mí kanlẹ̀. "Tọdún tó kọjá ni, Manang. Èyí tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́jọ́ tí mo ṣáájú wọn dé."

"Tọdún tó kọjá kọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Wọ́n ní kí n fi àyè ọjọ́ sílẹ̀ lófìfo." Obìnrin náà tún fi ìka kan lẹ́tà náà. "Ibì kan wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tí èèyàn fẹ́ rọ́pò. Orúkọ yín ló wà níbẹ̀, Mayora. Wọ́n kọ 'olóògbé' síwájú ẹ̀."

Kálámù dúró lọ́wọ́ Leonila. Lẹ́yìn Fidela, ọkùnrin kan tó gbé ọmọ dání wúkọ́, ó ń retí kó kàn án.

"Kò yé mi," Leonila wí, bẹ́ẹ̀ ó ti ń yé e.

"Òfin ni. Títí di Oṣù Kọkànlá, tí olùdíje bá yọwọ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi ẹlòmíràn rọ́pò. Lẹ́yìn Oṣù Kọkànlá, rárá. Àfi tí ilé ẹjọ́ bá yọ ọ́, àbí tó bá kú. Wọ́n sì ti tẹ ìwé ìdìbò tán, kò ṣeé tún tẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ́ Sarmago nìkan ló lè dípò Sarmago. Ó láyè títí di ọ̀sán Mọ́ńdè, ọjọ́ ìdìbò, láti gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ wá, gbogbo ìbò tí wọ́n bá dì fún yín á sì di tirẹ̀."

Ẹni tó bá dìbò fún ìyàwó mi, èmi ló dìbò fún. Leonila gbọ́ gbólóhùn náà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ sí i létí, ó sì gbójú sókè nínú oòrùn Oṣù Karùn-ún. Àwọn pósítà yẹ́lò wà lára gbogbo òpó tó yí pápá náà ká.

"Ó dá yín lójú, Manang?"

"Ọwọ́ mi yìí náà ló tẹ̀ ẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ fi wá sọ fún mi?"

Fidela ká lẹ́tà ilé ìwòsàn, ó rọra tẹ̀ ẹ́ sínú báàgì rẹ̀. "Ọkọ mi ṣì ń mí, Mayora," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ta ni Leonila fẹ́ sọ fún? Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú, Evaristo ló bá wọn yàn án, òun àti Leonila náà ló sì ṣe alárenà nígbà ìgbéyàwó rẹ̀. Kí ló sì fẹ́ sọ? Pé ọkọ òun ní kí wọ́n gbàdúrà fún òun? Pé ó ń bá òun gbé agboòrùn? Ó rò ó pé kí òun sá gun Kalubihan, kí òun fara pa mọ́ sọ́dọ̀ àbúrò òun títí ọ̀sán Mọ́ńdè á fi kọjá. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló gun òkè yẹn, ọlọ́pàá méjì ló sì ń tẹ̀ lé e tọ̀sán tòru, ọ̀dọ̀ Evaristo làwọn méjèèjì ti ń jẹun. Ẹ̀rù bà á. Ó tún ṣe é bíi pé ó ń ṣe ọkọ rẹ̀ ní àìdáa. Ẹni tí wọ́n jọ ń sùn láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó mọ ibi tí ẹ̀yìn ti máa ń dùn ún.

Nídìí oúnjẹ àárọ̀ Fúráìdé, ó pinnu láti dán an wò.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ìwọ́de ojú omi Ìyá Wa ti Ìrìnàjò Rere. Ère Màríà ni wọ́n máa ń gbé sí iwájú ọkọ̀ kan, gbogbo ọkọ̀ apẹja ìlú á sì tẹ̀ lé e yí etíkun ká láti aago mẹ́ta ọ̀sán. Olórí ìlú á dúró ti ère náà nínú aṣọ funfun, á di etí aṣọ rẹ̀ mú. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá dúró ti Ìyá Wa kì í wọ ẹ̀wù ìléfòó, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ti sọ fún gbogbo ìlú pé òun ò gbà pé Ìyá Wa lè gba òun là. Ọdún mẹ́sàn-án ni Evaristo fi dúró síbẹ̀, ẹni tó ń wẹ̀ bí ẹja. Leonila, ọmọ orí òkè, kò lè wẹ̀ rárá. Ọdún méjì tó ti dúró síbẹ̀, irin inú ọkọ̀ àtijọ́ ló fi ọwọ́ kan dì mú.

"Mo fẹ́ wọ ẹ̀wù ìléfòó lọ́la," ó wí.

Evaristo gbé ife kọfí kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Kí wọ́n lè sọ pé ìdílé Sarmago ò gba Ìyá Wa gbọ́? Nígbà tí ìdìbò ku ọjọ́ méjì?"

"Ẹ ṣáà mọ̀ pé mi ò lè wẹ̀."

"Ta ló ní kó o wẹ̀, Inday? Dúró ni mo ní kó o dúró." Ó fi bọ́tà sí búrẹ́dì, ó gbé e sínú àwo ìyàwó rẹ̀. "Ọkọ̀ tuntun tí mo ní kí wọ́n kàn ti délẹ̀. Wọ́n gbé iwájú rẹ̀ ga dáadáa kí ìlú lè rí ẹ láti òkèèrè. Mo ní kí wọ́n yọ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń dí ère."

"Nong Berting ló máa wa á?"

"Berting ti dàgbà, jẹ́ kó lọ sinmi. Mo ti rí ọkùnrin kan láti erékùṣù òdìkejì. Ọwọ́ ẹ̀ dáa."

"Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Berting fi ń wa ìwọ́de yẹn."

"Ìdí tó fi yẹ kó sinmi nìyẹn," Evaristo dáhùn. "Jẹ búrẹ́dì ẹ."

Leonila jẹ ẹ́. Kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe níwájú rẹ̀. Ó fọ ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn náà títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀, ó sì bú ara rẹ̀ pé búrẹ́dì lásán lòun ń bẹ̀rù.

Ẹni tó máa dúró ti Ìyá Wa gbọ́dọ̀ lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìwọ́de. Bí Leonila ṣe rọ́nà kúrò nílé ní Sátidé nìyẹn láìsí ẹni tó bi í léèrè. Àwọn ọlọ́pàá méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà ńlá ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde sínú ọgbà Fádà, ó sì gba ẹ̀yìn ọjà dé ọ́fíìsì ètò ìdìbò. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ ń to àpótí, irun rẹ̀ rí jákujàku, ó hàn pé kò sùn.

"Mayora! Ẹ wá wo àpótí ni? Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ máa wọlé. Tíṣà Alcoseba ò lè rí yín bá."

Alcoseba ni ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá wọn du ipò náà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti díje lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ kó dárúkọ Kalubihan rí.

"Tí mo bá yọwọ́ báyìí," Leonila béèrè, "ta ló lè rọ́pò mi?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ẹ̀rín ò wá sójú Leonila, ó gbé àpótí kalẹ̀. "Kò sẹ́nì kankan. Àkókò ìyẹn ti kọjá láti Oṣù Kọkànlá."

"Sarmago mìíràn ńkọ́?"

"Kò sí Sarmago kankan. Alcoseba nìkan ló máa kù."

"Tí mo bá yọwọ́ lónìí, tí mo wá kú lọ́la?"

Obìnrin náà ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ó ti ṣiṣẹ́ ní ìlú márùn-ún. Ó lọ ti ilẹ̀kùn kó tó dáhùn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Ẹni tó ti yọwọ́ kì í ṣe olùdíje mọ́, Mayora. Ikú yín á kàn jẹ́ ikú lásán."

Leonila ní kó fún òun ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yọwọ́. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó wá dúró. Ó ń fojú inú wo páìpù búlúù wọ̀nyẹn, ó ń wo àwọn ewúrẹ́. Ó mọ̀ dájú pé òun á wọlé. Ọdún mẹ́ta mìíràn ṣì wà níwájú tí ì bá fi ṣe ohun tó wù ú láìtọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó kan gbọ́dọ̀ wà láàyè títí ọ̀sán Mọ́ńdè ni. Ó dùn ún débi pé ó lu tábìlì. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí i, ó sì tẹ̀ka.

"Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí Lọ́yà Bascon, agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ wa, kí aago mẹ́ta tó lù. Ẹ jọ̀ọ́, kó má kọjá aago mẹ́ta." Ó ya ìwé kékeré kan, ó kọ nǹkan sí i. "Ẹ fún Tíṣà Alcoseba ní èyí."

Ohun tó kọ ni pé páìpù kìlómítà mẹ́rin wà létí ọ̀nà Kalubihan, wọ́n ti san owó rẹ̀ tán, ẹni tó máa rì í mọ́lẹ̀ ló kù. Ó fi "ẹ jọ̀ọ́" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó lè máa lọ ibi tó wù ú nígbà náà. Síbẹ̀ ó padà gba ọgbà Fádà wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jáde sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá rẹ̀, ó lọ wọ aṣọ funfun, ó sì jẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sí etíkun. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Kò lè fi ìyókù ayé rẹ̀ rò ó bóyá òun ṣi ọkọ òun gbọ́.

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó tó igba ọkọ̀ tí wọ́n ti to sẹ́nu èbúté, àsíá wẹẹrẹ lórí gbogbo wọn. Ìlú ti kún etíkun, wọ́n ń kọrin. Ọkọ̀ tuntun náà wà níwájú, ère Ìyá Wa lórí ibi gíga rẹ̀, kò sí irin kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì dé fìlà bo ojú. Kò kí Leonila. Nong Berting jókòó sórí ọkọ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn pátápátá, ó ń wo omi bí ẹni tí wọ́n gba ìyàwó rẹ̀.

"Ó tó àkókò, Inday," Evaristo wí, ó na ọwọ́ sí i.

Leonila wo ẹ̀yìn. Kò rí Bascon. "Ẹ jẹ́ kí n tún aṣọ Ìyá Wa ṣe. Ó ti wọ́."

Ó tún un ṣe. Ó so ó, ó tú u, ó tún un so. Fádà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń fọn fèrè bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ó ti tó, Inday." Ohùn rẹ̀ ṣì dùn, ṣùgbọ́n ó ti di ìgúnpá rẹ̀ mú. Leonila gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú ọkọ̀, pákó náà sì fì lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Bascon já láàárín èrò. Ó ń sáré, ọkùnrin abikùn ńlá, òógùn ti mú ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo Leonila. Ó fa Evaristo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ̀rọ̀ sí i létí fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mu sìgá kan tán. Leonila dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀, èkejì lórí èbúté, ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó ń retí kó bínú. Bí ó bá bínú, ó lè jẹ́ pé àga nìkan ló ń dùn ún.

Evaristo ò bínú. Ó wo òkun, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Ó wá yíjú sí ọkùnrin onífìlà.

"Gbé ọkọ̀ yìí lọ," ó wí. "Máa lọ sílé. Ẹ gbé ère sọ́dọ̀ Berting."

Ọkùnrin náà ò béèrè ìdí. Evaristo di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó fà á padà sórí èbúté. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹ̀wù ìléfòó kan nínú èyí tí wọ́n kó jọ fún àwọn onífèrè, ó gbé e wọ̀ ọ́ lọ́rùn lójú gbogbo ìlú, ó sì ń so okùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n á ní ìdílé Sarmago ò gba Ìyá Wa gbọ́," Leonila wí.

"Jẹ́ kí wọ́n máa sọ." Okùn mẹ́ta ni. Ó so ìkíní, ó so ìkejì, kò wo ojú rẹ̀. "O ò ṣáà lè wẹ̀."

Láti Tọ́sìdé ni Leonila ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ irọ́ ni Fidela pa. Evaristo so okùn kẹta, ó fà á wò bóyá ó le dáadáa, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìyàwó rẹ̀ lè kọjá.